Ìrìn Wákàtí Kan sí Erékùṣù Màámi

Orí erékùṣù ni wọ́n bí màámi sí, erékùṣù tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa ń pè ní Fernando Po, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Malabo. Ṣùgbọ́n Ikotun ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ní agboolé àwọn bàbá mi, nínú yàrá méjì tí fèrèsé wọn kọjú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò fẹ́ gbé Ikotun. Ó kàn wá ni.

Káfíńtà ni bàbá mi. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù náà láti wáṣẹ́, ó sì ń kan ilẹ̀kùn àti àga fún àwọn òyìnbó Sípéènì tó ni oko kòkó. Ibẹ̀ ló ti rí màámi. Wọ́n ní pidgin tiwọn níbẹ̀, ó fẹ́ jọ tiwa, òun ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ títí màámi fi gbọ́ Yorùbá. Kódà nígbà tó gbọ́ ọ tán, ohùn rẹ̀ ṣì máa ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ayé wá le níbẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wálé, bàbá mi mú ìyàwó rẹ̀, ó gbé èmi tí mi ò tíì lè rìn dáadáa kọ́ èjìká, a bá wọn wọkọ̀. Ó sọ fún ìyá màámi létí omi pé bí ọdún bá yípo tí ara bá rọ ìlú, àwọn yóò padà.

Ọdún yẹn ò yípo.

Ohun tí màámi rántí nípa ìrìnàjò náà kò ju èébì lọ. Ó ní àwọn èèyàn tò sórí ara wọn bí àpò gààrí, omi mímu tán, oòrùn ń pa wọ́n lókè, ìgbì ń gbé wọn sókè sódò nísàlẹ̀, èmi sì ń ké títí tí ohùn mi fi há. Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Èkó, ó ti dá a lójú pé ìpẹ̀kun ayé ni òun ti ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ní Ikotun ni èrò yẹn wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá bi bàbá mi pé ìgbà wo ni wọ́n máa lọ wo ìyá òun, ìdáhùn kan náà ni bàbá mi máa ń fún un.

"Ìyá ọmọ, ṣé o ti gbàgbé ojú omi yẹn ni? Ìrìn ọjọ́ gbọọrọ mà ni. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í tún lọ kí i nílé."

Màámi á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Ìdílé onílẹ̀ ni ìdílé wa, mùsùlùmí ni wọ́n. Màámi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ìrun, ó ń bá wọn gba ààwẹ̀, ó ń wé ìborùn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń kọjá lókè ilé wa, tó ń lọ balẹ̀ ní Ikeja, mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣe àmì àgbélébùú wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìborùn. Èmi nìkan ni mo rí i. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ jù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agboolé ń pè ní Àlàájà. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ láàárín wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kì í sì í fi oúnjẹ du màámi, ṣùgbọ́n ó gbà pé obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun, ọjọ́ tó bá mọ ọ̀nà ni ọjọ́ tó máa lọ. Fún ìdí èyí, màámi kì í dá lọ kọjá Egbeda. Irun ni màámi ń dì, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa débi pé àwọn obìnrin Gowon Estate máa ń ránṣẹ́ pè é wá sílé wọn. Bí ó bá ti ń lọ, Àlàájà á ní kí n tẹ̀ lé e, kí n bá a gbé òwú àti òróró. Bí a bá dé, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bọ́ mi ní ẹ̀pà, á sì bi mí pé, "Ibo lẹ tún yà sí?" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n fi ṣe géètì.

Ayé SAP la wà, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, mo sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, nígbà tí a lọ dirun fún àǹtí kan ní Gowon Estate. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni àǹtí yìí ń bá wọn ṣiṣẹ́, ní Ikeja. Ó jókòó sórí àpótí kékeré, màámi dúró sẹ́yìn rẹ̀, èmi ń na òwú. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

"Màmá," àǹtí náà ní, "ẹ ò dún bí ará Ikotun o. Níbo lẹ ti wá gan-an?"

Màámi rẹ́rìn-ín. "Ó jìnnà, Àǹtí. Fernando Po ni."

"Malabo?" Obìnrin náà fẹ́ bojú wẹ̀yìn, màámi fi ọwọ́ dá orí rẹ̀ padà. "Ìyẹn lẹ ń pè ní ó jìnnà? Ẹ gbà á jàre! Ìrìn wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni. Kí wọ́n tó pín ohun mímu kárí, wọ́n á ti ní kí èèyàn de bẹ́líìtì padà. Kí ẹ tó wọ mọ́tò láti Ikotun dé Ìdúmọ̀tà, ẹni tó wọ bàálù ti délé ní Malabo, ó ti bọ́ bàtà."

Ọwọ́ màámi dúró nínú irun náà.

"Wákàtí kan?"

"Ó lé díẹ̀ ṣá, bí ojú ọjọ́ bá dáa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń gbéra. Àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

Màámi ń dirun náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó parí tí àǹtí náà wo dígí, ó ní, "Màmá, ìlà yìí wọ́ o." Òótọ́ ni. Mi ò rí kí ìlà màámi wọ́ rí. Ó tú u, ó tún un ṣe.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà lọ́jọ́ náà, a ò wọ mọ́tò. Ó ṣe díẹ̀, màámi bi mí pé, "Ìwọ tó ń lọ sílé-ìwé, wákàtí kan, báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

Mo rò ó. Mo ní, "Màámi, bí ẹ bá gbé ẹ̀wà kaná, kò tíì ní jinná."

Ó dúró sójú títì. Eruku mọ́tò bò wá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń yára, mo ń sáré tẹ̀ lé e.

Ibi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Bàbá mi ń fá pákó. Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ni màámi máa ń lò fún un bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀.

"Bàálù ń lọ sí Malabo. Wákàtí kan ni. Ìwọ mọ̀?"

Bàbá mi gbé ìfági rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbọn ẹ̀fá pákó kúrò lápá. Mo rò pé ó máa sẹ́.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn. "Bí mo bá sọ fún ọ, wàá lọ. Bí o bá lọ, ṣé wàá padà wá bá mi?"

"O ò bi mí," màámi dáhùn. "O ò bi mí rí."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà nílé wa. Kò sí ariwo. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń kí Àlàájà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àárẹ̀ ló máa ń wà lójú rẹ̀ bí ti ẹni tó jìnnà sílé. Nísinsìnyí, ó ń wo ògiri agboolé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ògiri ni.

Ó lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní obìnrin tó wà nílé ọkọ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ pé ó yọ̀ǹda fún un. Bàbá mi ò sọ pé òun ò ní kọ ọ́. Ó ní kí n ṣe ìdánwò mi tán ná. Ó ní kí Iléyá kọjá. Ó ní ṣé màámi ò rí bí owó ṣe wọ́n lóde ni. Nígbà tí màámi ò yé béèrè, Àlàájà pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Àlàájà ní, "Kí la máa wí fáráyé? Pé ìyàwó wa fò lọ bí ẹyẹ?" Màámi jókòó sórí ẹní láàárín wọn títí wọ́n fi wí tiwọn tán. Ó wá ní, "Ìyá mi wà láàyè. Ẹ̀yin náà ní ìyá." Ó dìde, ó jáde. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé fún un.

Pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, àǹtí Gowon Estate ló ti bá a wádìí rẹ̀ ṣáájú. Ó bẹ èrò bàálù kan tó máa ń lọ síbẹ̀ ṣòwò pé kó dé abúlé màámi, lórí òkè, lẹ́yìn ìlú. Ìyẹn padà wá sọ pé ìyá arúgbó náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá ti gòkè dé abúlé náà ni ó máa ń bi pé ṣé wọ́n mọ ọmọ òun.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, màámi sọ èyí fún bàbá mi nígbà tó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bàbá mi ò lè jẹ oúnjẹ náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Lọ́la, a jọ máa lọ ṣe ìwé yẹn. Mo ti wí."

Lọ́la náà ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Ó jí ní àárọ̀, ó lọ ṣí ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ tí pákó wó. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lára rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, kò kú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dá a padà fún wa ló ṣe wà: ọwọ́ ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti sá lẹ́nu rẹ̀.

Ta ló kù láti máa sọ̀rọ̀ bàálù? Màámi ń gbé e jókòó, ó ń gbé e dìde, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀. Ara bàbá mi wúwo. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì ti gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè dá gbé e, torí náà mi ò lọ. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wà nínú yàrá méjì yẹn nìyẹn, fún ọdún bíi mẹ́ta. Epo mọ́tò wọ́n, iná ò sí, ooru ń mú, òórùn oògùn àti ti ìtọ̀ ti wọ inú ògiri. Mo máa ń dúró sẹ́nu fèrèsé mo máa ń wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, màá ní nínú mi pé, ṣé ibi tí mo máa dàgbà sí rè é? Bí bàálù bá kọjá, bàbá mi kì í wo òkè. Ojú màámi ló máa ń wò. Màámi náà mọ̀, nítorí náà kì í gbójú sókè mọ́.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí bàbá mi lẹ́nu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a gbé e jókòó síta, ó ní kí n wá bírò àti ìwé, kí n kọ ohun tí òun bá sọ. Kò pọ̀: pé òun yọ̀ǹda fún ìyàwó òun láti rìnrìn-àjò. Ó ti àtàǹpàkò òsì bọ inú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Màámi ti inú ilé jáde, ó wo ìwé náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ta ló máa wẹ̀ yín?" ó bi í.

"Èmi ni," mo dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó ronú kàn án.

Àlàájà gbọ́, ó wá, ó sọ tirẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kó parí. Ó wá fi ẹnu rẹ̀ tó yí yẹn sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jẹ́. Kó. Lọ." Omi bọ́ lójú Àlàájà. Ó fi etí ìborùn nù ún, ó sì jáde láìwo ẹnì kankan.

Nígbà tí ìwé ìrìnnà fi jáde, àǹtí Gowon Estate ló ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kan ni màámi máa lò, bàálù tó bá tẹ̀ lé e ni yóò bá padà. Èmi ni mo sìn ín dé Ikeja. Aṣọ tó dáa jù ló wọ̀, ìka rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ mi bí omi kànga. Kò wẹ̀yìn wò nígbà tó ń wọlé.

Ọ̀sẹ̀ pé, mo lọ pàdé rẹ̀. Èrò jáde tán, mi ò rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún lọ. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ò fẹ́ jẹun mọ́. Bí mo bá gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, á yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Àlàájà kò tiẹ̀ sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń mí kanlẹ̀ ni, ìyẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ. Èmi nìkan wá ń gbé e, mò ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ń dùn mí bí ti arúgbó. Inú ń bí mi sí màámi débi pé mo máa ń bú u bí mo bá ń fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú mi tó ń sọ pé, kó má wá mọ́ jàre. Kó dúró síbẹ̀. Ó kéré tán, kí ẹnì kan bọ́ nínú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí mi ò tiẹ̀ lọ pàdé ẹnì kankan mọ́, màámi wọlé lọ́sàn-án, ó ru àpò ńlá kan. Ó ti rù. Kò kí mi tán tó fi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ bá bàbá mi. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀.

"Ta ló tẹ́ ẹní fún un báyìí?" ó fi ohùn líle bi mí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí màámi tó sọ bó ṣe lọ fún mi. Aṣọ bàbá mi la jọ ń fún.

"A ò tíì gòkè tán tí wọ́n fi ní ká máa sọ̀," ó ní. "Mò ń sunkún, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ẹ̀rù bàálù ló ń bà mí. Ìyá mi fọwọ́ pa mí lójú, ó pa mí nímú, ó mọ̀ mí. Ó wá bi mí pé, 'Ọjọ́ mélòó lo fi wá?'"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ọjọ́ púpọ̀ ni. Mo ní ojú omi ò dáa, pé láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ọkọ̀, tí mi ò rí."

"Màámi! Ẹ̀yin náà?"

Ó fún omi inú aṣọ náà tán kó tó dá mi lóhùn. "Kí ni ǹ bá sọ? Pé wákàtí kan ni, mi ò sì wá?"

Ó ní òun fẹ́ padà ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìyá rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ó bá ń sùn, màámi ò lè tú u. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó yá, ó sọ fún un pé ọkọ òun ò lè dá dìde. Ìyá arúgbó náà ní kó tètè máa lọ, kí ọkọ̀ ojú omi má baà fi í sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ sun iṣu, kí wọ́n yan ẹja, èyí tí èèyàn lè jẹ fún ọjọ́ púpọ̀ lójú òkun. Òun ló wà nínú àpò ńlá yẹn. Ìgbà tó fi máa dé Ikotun, iṣu náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Màámi ò padà lọ mọ́. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àǹtí Gowon Estate fi mú ìròyìn wá pé ìyá náà ti sùn.

Ní tèmi, mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí. Lẹ́yìn Iléyá ọdún tí màámi lọ yẹn, Àlàájà wọ yàrá wa pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi, ó jókòó. "Ìwọ, di ẹrù rẹ," ó sọ fún mi. "Apá mi ṣì le. Èmi àti ìyá rẹ la máa jọ máa gbé e."

Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Màámi náà wò ó pẹ́. Ó wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Àlàájà lè ráyè na ẹsẹ̀.

Mo lọ sí Oǹdó. Mo parí, mo di olùkọ́ ní Igando, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé nígbà tí bàbá mi fi kú. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn ẹbí ní bí màámi bá fẹ́ máa lọ sílùú rẹ̀, ọ̀nà ti là. Ó ní kò sí ẹni tí òun fẹ́ lọ bá. Àlàájà náà ò padà sí ilé tirẹ̀ mọ́. Àwọn arúgbó méjèèjì ni wọ́n jọ wà nínú yàrá méjì yẹn, tí wọ́n ń bára wọn jà ní gbogbo ọjọ́ lórí iyọ̀ ọbẹ̀.